Àlàfo Àárín Aṣọ Tábìlì

Òwú tí mo fi sí abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn gùn jù. Ó máa ń gùn jù. Abẹ́rẹ́ méje ni mo máa ń kó òwú bọ̀ fún ìyàwó mi lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ràn kí awò ojú máa yọ̀ wálẹ̀ lórí imú òun. Màá gún wọn mọ́ ègé fóòmù kan tó gé lára àga àtijọ́, yóò sì máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bó bá ti ń ránṣọ. Lọ́jọ́ náà, ó mú àkọ́kọ́, ó fa òwú rẹ̀ títí apá rẹ̀ fi nà tán, òwú kò tíì tán.

"Dádì, ṣé ìlú Edmonton la ń rán aṣọ yìí dé ni?"

"Kí o má baà máa fi òwú míì sí i ní gbogbo ìgbà ni."

"Ó máa ta kókó. Ẹ wò ó, ó ti ń ta kókó. Láti orí ìka dé ìgúnpá, mo ti sọ ọ́ sọ ọ́. Ẹnjiníà tí ò lè wọn òwú."

Ẹnjiníà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní àkókò tí mò ń sọ yìí, kò sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni fi rán mi ju òwú abẹ́rẹ́ yẹn lọ. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, àwọn ọ́fíìsì gíga tó wà ní downtown Calgary sì ń ṣófo láti àjà dé àjà. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí ilé-iṣẹ́ epo tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti pe àwa bíi mélòó kan wọ yàrá kan, tí wọ́n sì ní ká máa lọ sílé.

Chinook, afẹ́fẹ́ tó máa ń gbé ooru wá láàárín òtútù, ń fẹ́ láàárọ̀ yẹn. Snow orí òrùlé ń yọ́, omi ń kán níwájú fèrèsé bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú oòrùn. Ìyàwó mi rán aṣọ rẹ̀ lọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tó máa ń béèrè, láìgbé ojú sókè.

"Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?"

"Ó dọ̀la."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lánàá."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa náà. Ọ̀la ò jìnnà."

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló lò kí ó tó dìde lọ múra iṣẹ́. Mẹ́rin ṣẹ́kù lára fóòmù, pẹ̀lú òwú gígùn wọn.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara tábìlì. Bàbá ìyàwó mi ló ṣe tábìlì ìjẹun wa. Káfíńtà ni bàbá náà ní Ìbàdàn, igi ìrókò ló sì fi ṣe é fún ilé ara rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ lè jókòó yí i ká láìfara kan ara. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo fi ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà, n kò rí i kí ará ilé kankan jẹun lórí rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó sì mọ́ gaara ni bàbá fi bò ó lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó fi ìṣó kéékèèké kan etí náílọ́ọ̀nù náà mọ́ abẹ́ tábìlì yíká. Àlejò ló wà fún. Àwọn ọmọ ilé ń jẹun lórí àpótí ní ilé ìdáná. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, wọ́n gbé ìrẹsì fún mi lórí rẹ̀. Ooru mú, ìgúnpá mi lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, nígbà tí mo sì fẹ́ dìde kí bàbá, ó já kúrò pẹ̀lú ariwo tí gbogbo ilé gbọ́. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òun ni mo fẹ́.

Nígbà tí bàbá kú, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ní tábìlì náà ti tóbi jù fún ilé ìsinsìnyí. Ìyàwó mi ní tí wọn ò bá fẹ́ ẹ, òun fẹ́ ẹ. A ti wà ní Calgary nígbà yẹn, a ti kúrò ní basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí a kọ́kọ́ gbé ní Marlborough, a ti ra ilé sí Saddle Ridge. Ó ní kí wọ́n gbé e sínú container ẹnì kan tó ń kó ẹrù bọ̀. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀ ń gbé igi lọ sí Canada? Ṣé kò sígi ńbẹ̀ ni?" Tábìlì náà dé ṣá, tòun ti náílọ́ọ̀nù rẹ̀ àti ìṣó bàbá. A gbé e síbi tó fẹ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, gẹ́lẹ́ lórí ihò tí ooru furnace, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ń gbà jáde láti ilẹ̀. A kò tú náílọ́ọ̀nù náà. A kò tilẹ̀ rò ó. Lójú wa, ara tábìlì ni náílọ́ọ̀nù. Àwa àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ń jẹun lórí káńtà ilé ìdáná, a sì fi tábìlì sílẹ̀ fún àlejò, bí bàbá ṣe ṣe é. Ọdún méje ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo tó sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì. Mò ń gbé kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀ láàárọ̀, mò ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ajé kan, ìgúnpá mi tún lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù yẹn, ó sì dún bó ṣe dún ní Ìbàdàn. Inú tó bí mi ju ohun tí ìgúnpá ṣe lọ. Mo mú ohun èlò wá láti basement, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo yọ gbogbo ìṣó bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ká náílọ́ọ̀nù kúrò.

Igi náà ti là. Ó là láti nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìpẹ̀kun ọ̀tún títí dé ìpẹ̀kun òsì, ó sì fẹ̀ jù ní àárín, níbi tí orí ìka ọwọ́ mi tó kéré jù ti lè wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ Calgary gbẹ ju ti ibi tí ìrókò ti ń hù lọ, furnace sì ti ń fẹ́ ooru sí i lábẹ́ lọ́dọọdún, náílọ́ọ̀nù tó ń dán sì ń fi ojú tó dára hàn wá. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣírò bí irin páìpù ṣe ń gùn nínú ooru tó sì ń kúrú nínú òtútù, n kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé igi náà ń mí.

Nígbà tí ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó dúró, ó fi ìka kan tọ ibi tó là náà láti ọ̀tún dé òsì, bí ẹni tó ń ka ìwé.

"Bàbá mi tọ́jú ẹ̀ títí tó fi kú," ó ní. "Ọwọ́ wa ló ti là."

"Mo lè dí i. Màá fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí i, kò ní hàn."

"Ẹ má dí i. Tẹ́ ẹ bá dí i, ó tún máa là níbòmíì. Ẹ kàn jẹ́ n wá nǹkan bò ó." Ó wo náílọ́ọ̀nù tí mo ká sílẹ̀. "Kì í ṣe ìyẹn."

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ti rán quilt ní gbogbo ayé rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè kọ́ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti kọ́ ọ ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Ègé aṣọ onírúurú ni wọ́n ń rán pọ̀ di ojú kan, wọ́n á fi òwú fẹ́lẹ́ tó rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi aṣọ mìíràn sábẹ́ òwú náà, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ọ̀kan. Ó ní òun máa rán runner kan, aṣọ tóóró tó máa gùn la àárín tábìlì kọjá, tó máa bo ibi tó là pátápátá.

Ó ya á sórí bébà kí ó tó gé ohunkóhun. Ìpẹ̀kun kìíní jẹ́ ti bàbá rẹ̀, láti inú agbádá sányán kan tí kòkòrò ti jẹ létí. Ìpẹ̀kun kejì jẹ́ ti ìyá rẹ̀, àdìrẹ ìró kan tí wọ́n ti fọ̀ títí ó fi rọ̀ bí awọ ọmọdé. Bí èèyàn bá ti ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì, a ó máa bá ohun tiwa pàdé: aṣọ tí ọmọ wa wọ̀ lọ sí daycare lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti gèlè tí òun alára wé lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Ní àárín gan-an, níbi tí igi ti fẹ̀ jù, ó fa ilà sí ojú onígun mẹ́rin kan, ó sì kọ "Dádì" sí i.

"Èwo nínú aṣọ mi lo fẹ́?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì funfun onílà búlúù yẹn."

Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ kíákíá débi pé ó gbé orí sókè wò mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ṣì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún, mo sì ń gbé wọn kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí mo ti ń ṣe nígbà tí mò ń wọ train ní Saddletowne lọ sí downtown. N kò ní ibi kankan tí mò ń wọ̀ wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n mò ń lọ̀ wọ́n. Onílà búlúù náà ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá wọ yàrá yẹn. Ó wà lọ́kàn mi pé òun náà ni màá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí padà.

"Ẹ ní ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá," ó ní.

"Mú òmíràn nínú wọn."

"Èyí ni mo fẹ́."

"Bí wọ́n bá pè mí ńkọ́? Kí ni màá wọ̀?"

"Mẹ́wàá tó kù."

"O ti gbà lọ́kàn ẹ pé wọn ò ní pè mí mọ́."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"O ò sọ ọ́. Sísọ́ọ̀sì lo fẹ́ fi sọ ọ́."

Ọmọ wa ti wálé láti yunifásítì lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó dúró nídìí káńtà, ó ń jẹ cereal. Ó ní, "Dad, it's just a shirt."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Má dá sí i. Bàbá ẹ ló ni ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Kò bínú sí mi ju ìyẹn lọ. Àpótí aṣọ mi kò ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ń ṣí i lójoojúmọ́ láti kó aṣọ tó ti fọ̀ sí i. Kò fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán runner rẹ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì, ó ń bọ̀ wá sí àárín, èmi náà sì ń kó òwú bọ abẹ́rẹ́ láràárọ̀. Nígbà tó yá, kò ku nǹkan kan mọ́ àfi ojú onígun mẹ́rin yẹn. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ a pé, àfi àárín tí òwú inú rẹ̀ hàn síta. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti di iṣẹ́ tí kò lọ síwájú. Á tú ìlà tó dára, á tún un rán. Á ní ìlà kan wọ́. Èmi tí mò ń fi rúlà ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kò wọ́. Ó ń dúró dè mí ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń sọ pé ó dọ̀la, nítorí pé lójú tèmi, ọjọ́ tí mo bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kalẹ̀ ni iṣẹ́ tán fún mi lóòótọ́.

Lọ́jọ́ chinook yẹn, ó ní orí ń fọ́ òun. Kò sí ẹni tí orí kì í fọ́ ní ìlú yìí nígbà tí chinook bá ń fẹ́. Ó lo oògùn méjì, ó mu omi, ó ní ọbẹ̀ wà lórí iná, kí n má jẹ ẹ́ ní tútù bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo fi mọ́tò gbé e lọ sí station. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún padà wá fi ìka kan gíláàsì fèrèsé mọ́tò. Mo sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀la o," ó ní. "Mo ti ní ẹlẹ́rìí. Ọlọ́run gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó bá àwọn tó ń lọ sí train lọ.

Wọ́n pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti ṣubú níbi iṣẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ ní orí rẹ̀. N kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò jẹ́ kí èmi àti ọmọ mi dá wà. Wọ́n gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ fóìlì ńláńlá, wọ́n fọ abọ́, wọ́n gbá ilẹ̀. Ẹnì kan lára wọn rí náílọ́ọ̀nù àtijọ́ yẹn ní basement. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n sì tẹ́ ẹ padà sórí tábìlì kí ọbẹ̀ má baà ta sí i. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tí gbogbo wa ń pè ní Mama. Òun ló rí fóòmù lórí àga.

"Ẹ jẹ́ n kó abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kúrò," ó ní. "Ọmọdé ń sáré kiri nílé."

"Ẹ dákun Mà, ẹ má yọ wọ́n. Ẹ kàn bá mi gbé e sókè."

Ó wo òwú tó gùn jọ̀jọ̀ lára wọn. "Ta ló fi òwú sí èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òun," ó ní, ó sì gbé e sórí fìríìjì jẹ́ẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹsẹ̀ àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọmọ mi padà sí yunifásítì nítorí ìdánwò, lẹ́yìn tí mo ti lé e lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo dá wà, mo gbé áyọ́ọ̀nù jáde bí ìṣe mi. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Nígbà tí ó kan onílà búlúù, mo pa áyọ́ọ̀nù. Mo gbé e lọ sórí tábìlì.

Mo ká náílọ́ọ̀nù kúrò. Mo tẹ́ runner sí àyè rẹ̀, mo sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lé e lórí, sórí àlàfo yẹn. Kò tẹ́, nítorí kọ́là gbé e sókè. Mo bá ṣí kọ́là náà sókè kí aṣọ lè sùn dáadáa. Ìgbà náà ni mo rí ojú abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ó kéré, ó dà díẹ̀ sí apá kan, bí gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tó wà lára runner náà ṣe dà.

Mo jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ dé, nínú basement ní Marlborough, ṣẹ́ẹ̀tì onílà búlúù yìí nìkan ló dára nínú èyí tí mo mú wá láti ilé, òun ni mo sì ń wọ̀ lọ síbi gbogbo tí wọ́n bá ti pè mí fún iṣẹ́. Mo wọ̀ ọ́ títí kọ́là rẹ̀ fi bó. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìpè kan báyìí, ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó tú kọ́là náà kúrò, ó yí i padà kí ojú tó bó lè wà nísàlẹ̀, ó sì fọwọ́ rán an padà, bí àwọn télọ̀ ilé wa ṣe máa ń ṣe fún àwọn bàbá wa. Iṣẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ni wọ́n gbà mí sí. Ọdún mélòó ni mo fi wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà láìwo abẹ́ kọ́là?

Mo ti rò pé ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí wọ́n lé mi ló ń béèrè. Kò ṣàlàyé fún mi rí. Bóyá ó rò pé mo mọ̀.

Mo ti dàgbà nísinsìnyí, mo sì ti rí iṣẹ́ mìíràn, mo ti fi í sílẹ̀ fúnra mi. Ẹnikẹ́ni kò sì pè mí padà síbi tí mo ti ń retí ìpè yẹn. N kò rántí ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ọdún náà. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀sán méjì tí iṣẹ́ kékeré yìí gbà mí. N kò fọwọ́ kan kọ́là. Mo fi rúlà wọn ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, mo fi pẹ́ńsù fa ilà, mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo sì gé e. Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n yẹn, igun kan ṣì wọ́. Mo gbé fóòmù sọ̀kalẹ̀ láti orí fìríìjì. Mo ṣẹ́ etí aṣọ náà sínú bí mo ti rí i tó ń ṣe, mo sì mú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Òwú náà ta kókó. Mo tú u, ó tún ta. Mo gé e dànù, mo mú ìkejì, òun náà ta kókó nígbà tí mo rán an dé ìdajì ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ohun tó ń bá mi wí lé lórí láràárọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ìkẹta ṣe díẹ̀. Ìkẹrin gbé mi yí igun kẹta, ó sì tán. Nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ méjì ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹyìn, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan mọ́ tó ní òwú láti ọjọ́ tó wà láyé.

Mo mú okùn òwú. Mo na apá mi lórí tábìlì bàbá rẹ̀, mo wọn òwú láti orí ìka dé ìgúnpá, mo gé e níbẹ̀, mo kó o bọ abẹ́rẹ́, mo sì rán èyí tó kù.